Alùpùpù Bàbá Adéyọyin

Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́; ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Adéyọyin aránṣọ fojú ara rẹ̀ rí i.

Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi tún alùpùpù àtijọ́ tí bàbá rẹ̀ fi ń gun àpáta ṣe. Ó ha ìpẹtà, ó fọ kábúrétọ̀, ó pààrọ̀ táyà. Ọjọ́ tó fẹ́ gùn ún, ó ta kíìkì, irin tí a ń fẹsẹ̀ ta kí ẹ̀rọ lè dún, títí òógùn fi bò ó, ẹ̀rọ kò dún. Fálọ́pẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó ní:

"Bí kò bá gun àpáta ẹ̀yìn ìlú lónìí, àwọn tó ń ra irin àlòkù ni n ó tà á fún!"

Ìyá wọn pòṣé. "Yọyin, ṣé ìjà lo bá a jà ni? Ẹ̀yìn bàbá yín ni mo máa ń jókòó sí. Wọn á kọ́kọ́ fẹsẹ̀ tẹ kíìkì náà díẹ̀díẹ̀ títí á fi le lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn, kí wọ́n tó ta á lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀rọ ni; ẹ̀rọ̀ ló ń fẹ́."

Adéyọyin tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, ó ta á lẹ́ẹ̀kan. Pàpàpàpà! Ẹ̀rọ dáhùn.

Ó gùn ún dé ẹsẹ̀ àpáta ẹ̀yìn ìlú, ìyá wọn àti Fálọ́pẹ́ tẹ̀ lé e. Kò sáré. Bí ìgbín ti ń gungi ló ṣe gun àpáta náà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀ títí tó fi dórí. Ariwo ayọ̀ sọ nísàlẹ̀. Fálọ́pẹ́ sáré gòkè lọ bá a.

"Àbúrò mi àtàtà, jẹ́ n gùn ún wò!"

Adéyọyin pa ẹ̀rọ, ó bọ́ sílẹ̀ fún un. Fálọ́pẹ́ fò lé e, ó ta kíìkì gbàà! Kíìkì ta padà, ó gbá a lójúgun. Fálọ́pẹ́ figbe ta.

Ìyá wọn dáhùn láti ìsàlẹ̀: "Ẹ̀sọ̀ o, ọmọ mi! Àwọn tó ń ra irin àlòkù kì í ra ojúgun!"