Omi Tó Lẹ́sẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, ẹ fìdí lélẹ̀ dáadáa, kí n sọ bí Ìgè, opó kan lásán, ṣe gba igbó orí òkè wa là. Balógun Kúmápàyí kó ọgọ́fà ẹṣin wá dó sétí odò wa nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ó ní ká gé gbogbo igbó náà fún odi òun láàárín ọjọ́ mẹ́ta, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á kó àwọn ọmọ wa lẹ́rú. Baálẹ̀ tó ní kò ṣeé ṣe, orí rẹ̀ ni wọ́n gbé kọ́ sẹ́nu bodè. Ni Ìgè bá kúnlẹ̀, ó ní, “Baba, a ó gé e, ṣùgbọ́n bí igi bá lọ, omi á bá a lọ.” Balógun bú sẹ́rìn-ín: “Arúgbó yìí, omi lẹ́sẹ̀ ni?” “Ó lẹ́sẹ̀, Baba, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì yá ju ti ẹṣin yín lọ. Ẹ jẹ́ ká gé ẹyọ kan wò.” Ẹ gbọ́ o, àwọn obìnrin ìlú ló ń tún ojú ìsun odò wa lórí òkè ṣe lọ́dọọdún, wọ́n mọ òkúta tí wọ́n máa ń yí dí i, tí omi á fi gba ẹ̀yìn òkè lọ. Bí àwọn ọmọ ogun ṣe pé jọ tí wọ́n ń wo ìrókò tó ń wó, lókè lọ́hùn-ún làwọn obìnrin ti yí òkúta. Odò gbẹ táútáú. Lọ́jọ́ kejì, ẹṣin bẹ̀rẹ̀ sí í ṣubú. Ìgè tún gbé àáké dé: “Baba, ṣé ká máa gé e lọ?” Balógun figbe ta: “Má fọwọ́ kàn án!” Bí ilẹ̀ ọjọ́ kẹta ṣe ń mọ́, àwọn àlejò wa gbéra, Balógun alára ń fẹsẹ̀ rìn.