Ẹni Tó Mọ Bí Wọ́n Ṣe Ń Ka Ọrún

Ọkùnrin kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ìtọ́jú afárá. Ìjọba ìbílẹ̀ ló gbà á síṣẹ́, ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló sì ti lò níbẹ̀. Ẹnjiníà ni gbogbo ayé ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé dípúlómà ni ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Kò sí afárá kan ní agbègbè náà tí kò tíì dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀ rí, kó máa fi òòlù kan irin rẹ̀, kó sì máa tẹ́tí sí i. Bí ìpẹtà bá ti ń jẹ irin nínú, etí lásán ló fi ń mọ̀ ọ́n.

Ẹgbẹ́ kan sì wà ní olú ìlú ìpínlẹ̀ náà, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣèwádìí ọ̀rọ̀ ìrìnnà: ọ̀nà, afárá, ọkọ̀, àti àwọn tó ń wọ̀ ọ́. Olùkọ́ yunifásítì pọ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ náà mọ̀ pé ìwé nìkan kò tó. Nítorí náà, lọ́dọọdún ni akọ̀wé wọn, obìnrin kan tó ní sùúrù bí adìyẹ tó ń sàba, máa ń kọ lẹ́tà sí àwọn tó wà lẹ́nu iṣẹ́. Ó ní kí wọ́n wá bá àwọn jókòó ní ìpàdé. Bí wọn ò bá ráàyè, kí wọ́n fi ìbéèrè tí iṣẹ́ wọn ti bi wọ́n, tí wọn ò rí ìdáhùn sí, ránṣẹ́. Bí ìyẹn náà bá nira, kí wọ́n bá àwọn ka ìwé ìwádìí kan kí àwọn tó tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n sì sọ ibi tí àwọn ti ṣì í.

Ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Ẹnjiníà gba lẹ́tà yìí. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ náà ló kà á tán, tó rẹ́rìn-ín, tó sì tì í bọ abẹ́ ibùsùn. Ó máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé níbi tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bá ti ń sọ̀rọ̀, kí ẹni tó ń fi òòlù kan irin jókòó sílé rẹ̀. Ìrẹ̀lẹ̀ ló pè é. Irọ́ ni, ẹ̀rù ni. Ẹ̀rù ń bà á kí wọ́n má lọ bi í ní ohun tí kò mọ̀ lójú àwùjọ. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́, ṣùgbọ́n àgbà tiwa yìí kò tilẹ̀ wá sọ́jà rárá.

Nígbà tó di ọdún kẹsàn-án, akọ̀wé náà kò kọ lẹ́tà mọ́. Ó wọkọ̀ wá fúnra rẹ̀, ó gbé ìwé kan lọ́wọ́. Kò tíì mu omi tí wọ́n gbé fún un tán tí Ẹnjiníà fi bẹ̀rẹ̀ àwáwí: òun kò kàwé púpọ̀, òyìnbó òun kò dán mọ́rán, ojú òun kò ríran dáadáa mọ́. Obìnrin náà jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

“Bàbá,” ó ní, “a ò ní kí ẹ wá kọ́ wa níwèé. Ohun tí àwa kọ rèé. Ẹ bá wa wá irọ́ inú rẹ̀.”

Ta ni ọmọlúàbí tí yóò gbọ́ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àlejò tó rìnrìn wákàtí mẹ́ta, tí yóò wá ní kó máa gbé ìwé rẹ̀ padà lọ? Ẹnjiníà gbà á. Akọ̀wé ní kó má pẹ́ o, nítorí ìparí ọ̀sẹ̀ ni ìwé náà ń lọ sílé ìtẹ̀wé, àti pé ohun tí ìwé náà bá sọ ni ìjọba yóò ṣe.

Ọ̀rọ̀ afárá odò Ẹlẹ́tù ló wà nínú rẹ̀. Ẹnjiníà mọ afárá náà bí ẹní mowó. Pákó ni, ó ti gbó, ìjọba sì fẹ́ ṣe tuntun. Ọ̀dọ́kùnrin kan ní yunifásítì ni wọ́n rán pé kó lọ ka iye ọkọ̀ tó ń gbabẹ̀, kí wọ́n lè mọ irú afárá tó yẹ. Ó kà á lọ́jọ́ lásán, ó rí mẹ́sàn-án. Ó kà á lọ́jọ́ ọjà mẹ́ta, kò ju mọ́kànlá lọ. Ó wá parí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé afárá fífúyẹ́ ti tó wọn, èyí tí ọ̀kadà àti ọkọ̀ kékeré lè gbà. Ó tilẹ̀ fi kún un pé ó jọ pé ọjà òdìkejì odò náà ti ń kú lọ.

Ẹnjiníà ka mọ́kànlá yìí, ó tún padà kà á. Òun fúnra rẹ̀ ló máa ń dúró lẹ́nu afárá náà lọ́jọ́ ọjà, pẹ̀lú aṣọ pupa lọ́wọ́, tí yóò ní kí èrò sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n fẹsẹ̀ rìn, tí yóò sì máa jẹ́ kí lọ́ọ̀rì kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Lọ́ọ̀rì ẹ̀gẹ́, lọ́ọ̀rì igi gẹdú, lọ́ọ̀rì ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kí oòrùn tó kan àtàrí, wọ́n á ti lé ní ogójì. Ibo ni àwọn yòókù wá wọlẹ̀ sí?

Ó kà á síwájú, ó sì rí i. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ajé ni ọ̀dọ́kùnrin náà dé abúlé, nígbà tí ọjà ti tú. Ó bi Baálẹ̀ pé ìgbà wo ni wọ́n tún máa ná an. Baálẹ̀ ní ọrọọrún ni, òní ni àwọn ná an, ó tún di ọjọ́ karùn-ún. Ọmọ ìgboro ni ọ̀dọ́kùnrin náà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà láti ọ̀la, ó kà á bọ́ sí Àbámẹ́ta. Láti Àbámẹ́ta ó tún ka márùn-ún bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, ó sì kà á láti ibẹ̀ bọ́ sí Ìṣẹ́gun. Ẹnu afárá ló jókòó sí lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò dé inú ọjà. Bẹ́ẹ̀ àgbà tó bá ń ka ọrún, òní gan-an ló fi ń ṣe ìkíní. Ọjà tí wọ́n bá ná lọ́jọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ló tún kàn. Kò sí èyí tó bọ́ sí ọjọ́ ọjà nínú ọjọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó kà.

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kú mọ́ ọn lẹ́nu. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé ní òdìkejì odò náà. Ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, orí ẹrù nínú lọ́ọ̀rì ló sì ń jókòó lọ́jọ́ ọjà. Bí wọ́n bá fi afárá fífúyẹ́ síbẹ̀, tí kò sì sí aláṣọ pupa níbẹ̀ mọ́ torí pé afárá tuntun ni, ọjà àkọ́kọ́ kò ní tú tí gbogbo wọn yóò fi wà nínú omi.

Síbẹ̀, ó mú bírò, ó tún gbé e sílẹ̀. Ta ni òun tí yóò sọ fún ọmọ yunifásítì pé kò mọ márùn-ún kà? Ìyàwó rẹ̀ wò ó títí, ó ní, “Bàbá wọn, ṣé wọ́n á nà yín ni? Ẹ kọ ọ́.”

Ó kọ ìlà mẹ́ta: “Ọjọ́ tí ẹ kà kì í ṣe ọjọ́ ọjà. Òní ni kí ẹ fi ṣe ìkíní. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà lọ kà á, nítorí ènìyàn pọ̀ lórí afárá yẹn.”

Wọ́n dá ìwé náà dúró. Lẹ́yìn oṣù kan, wọ́n ránṣẹ́ pè é sí ìpàdé. Ó lọ. Gbogbo ọ̀nà ló fi ń to ẹ̀bẹ̀ tí yóò bẹ̀ jọ. Ṣùgbọ́n bí ọ̀dọ́kùnrin náà ṣe gbọ́ orúkọ rẹ̀, tòun ti kóòtù ló dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú gbogbo àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n.

“Ẹ ṣeun, Bàbá,” ó ní. “Mo padà lọ. Mẹ́tàlélógójì ni mo kà. Ká ní ẹ dákẹ́ ni, ẹ̀jẹ̀ àwọn èrò inú lọ́ọ̀rì wọ̀nyẹn ì bá wà lọ́rùn mi.”

Ẹnjiníà fà á dìde. Gbogbo ẹ̀bẹ̀ tó ti tò jọ fò lọ lórí rẹ̀. Akọ̀wé ló yíjú sí, ó ní, “Ẹ̀yin ni mo dúpẹ́ lọ́wọ́ yín, ìyáàfin. Ọdún mẹ́jọ ni mo fi kẹ̀yìn sí yín, ẹ ò jẹ́ kó sú yín.” Inú rẹ̀ dùn, ojú tì í, ọpẹ́ sì kún àyà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Akọ̀wé kò fa ọ̀rọ̀ gùn. Ó bi í pé ìgbìmọ̀ wo ni kí òun kọ orúkọ rẹ̀ sí.

Ìgbìmọ̀ afárá ló mú. Ní ìpàdé kejì, ó gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tó ti ń dùn ún lọ́kàn fún ogún ọdún: kí ló dé tí ìpẹtà fi ń yára jẹ irin afárá ní odò tí wọ́n ti ń rẹ ẹ̀gẹ́? Kò sí ẹni tó ti bi àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ di iṣẹ́ ìwádìí.

Afárá kọnkéré ni wọ́n ṣe sí odò Ẹlẹ́tù. Lẹ́yìn ọjà àkọ́kọ́, àbúrò rẹ̀ wá kí i, ó sì ń ráhùn pé wọn kì í sọ èrò kalẹ̀ lẹ́nu afárá mọ́, òun kò wá ráàyè bá àwọn ọ̀rẹ́ òun tàkúrọ̀sọ. Ẹnjiníà kàn ń wò ó bó ṣe ń jẹun, tó ń sọ̀rọ̀, ó sì ń dúpẹ́ nínú ara rẹ̀.

Ìwọ tí mo ń bá sọ̀rọ̀ yìí, o ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Ohun kan wà tí o mọ̀ tí kò sí nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Àwọn kan ló fi sùúrù kọ́ ọ títí o fi mọ̀ ọ́n, ọpẹ́ wọn sì wà lọ́rùn rẹ. Bí o bá lè lọ sí ìpàdé, lọ. Bí ìbéèrè lásán ni o ní, gbé e lọ bá wọn. Bí wọ́n bá sì ní kí o wo iṣẹ́ tí àwọn ṣe, wò ó dáadáa, kí o sọ òtítọ́, má sì sọ fún mi pé ìwé rẹ kò tó. Ẹni tó mọ̀ tí kò sọ, àti ẹni tí kò mọ̀ rárá, ọ̀kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ́ fún ẹni tó wà lórí afárá.