Ẹ̀wù Òjò Tí Tíṣà Kọ̀

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ tíṣà. Abúlé kan ló ń gbé, abúlé kejì ló ti ń ṣiṣẹ́, kẹ̀kẹ́ ológeere ló sì ń gùn lọ gùn bọ̀ lójú títì, ìbáà jẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn, ìbáà jẹ́ òjò. Ó fẹ́ràn iyì púpọ̀. Kò sí àárọ̀ tí kì í fi áyọ́ọ̀nù lọ ṣòkòtò rẹ̀.

Nígbà tí òjò ọdún kan bẹ̀rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ ra ẹ̀wù òjò fún un, aláwọ̀ ìyeyè tó ń tàn yòò, pẹ̀lú akoto tó bá a mu. Tíṣà gbé e yẹ̀ wò, ojú tì í. Irú rẹ̀ gan-an làwọn tó ń gé koríko ẹ̀gbẹ́ títì ń wọ̀.

"Bàbá Móríyìkẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wọ̀ ọ́ bẹ́ẹ̀," ni ìyàwó wí. "Tí òjò bá ṣú, awakọ̀ kì í ríran dáadáa. Èyí ni wọ́n á fi rí yín."

"Kí wọ́n rí mi bíi ta ni? Ṣé o fẹ́ kí àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ máa pè mí ní agékoríko ni?"

Ló bá lọ ra dúdú. Ká má parọ́, ẹ̀wù náà dára. Ó gùn kọjá orúnkún, omi kì í wọnú rẹ̀, ó sì bá bàtà rẹ̀ mu. Ó wá kó aláwọ̀ ìyeyè pẹ̀lú akoto rẹ̀ fún ọ̀kan nínú àwọn agékoríko. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀ gbalaja lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó ń ṣàdúrà fún un. Inú tíṣà dùn, ó ní òun lawọ́. Lawọ́ kẹ̀! Ohun tó kà sí ẹ̀gbin ló fi tọrẹ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, òjò ká a mọ́ ojú ọ̀nà. Ojú ọ̀run dúdú, títì dúdú, ẹ̀wù dúdú. Ara rẹ̀ gbẹ, ó ń ro iṣu tí ìyàwó rẹ̀ máa sè. Ó rí agékoríko ọjọ́sí tó ń rìn lápá kejì títì, ẹ̀wù ìyeyè ń tàn lára rẹ̀ nínú òjò. Lọ́rì kan yọ níwájú. Awakọ̀ rí agékoríko, ó yà fún un. Ibi tí tíṣà wà ló yà sí, ló bá gbá a sínú gọ́tà.

Awakọ̀ bẹ́ sílẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Mo rí ẹnì kan, mo sì yà fún un! N kò rí ẹnì kejì rárá!"

Tíṣà gbọ́ ọ níbi tó wà. Ó fẹ́ sọ pé òun nìyí. Ohùn kò jáde. Agékoríko bọ́ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fi bò ó, kò sì pẹ́ tí tíṣà fi kú.

Bí wọ́n ṣe gbé e wálé nìyẹn. Nígbà tí ìyàwó rí ẹ̀wù ìyeyè náà, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Bàbá Móríyìkẹ́," ló wí, "ẹ padà wọ̀ ọ́ náà." Ó mà ṣe o.

Àbúrò mi, ìwọ ni mò ń bá wí. Ó ti di oṣù mẹ́ta tí ò ń wúkọ́ ẹlẹ́jẹ̀. O lọ ra aṣọ ìnujú dúdú kí ìyàwó rẹ má baà rí àbàwọ́n. Tá a bá bi ọ́, o ní kò sí wàhálà. Ilé ìwòsàn ò jìnnà, àmọ́ o ní àwọn èèyàn á rí ọ lórí bẹ́ǹṣì àwọn tó ní ikọ́ fée. Kí wọ́n rí ọ! Àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn ni dókítà ń rí. Ọ̀rọ̀ rẹ ti sú mi, ó sì ń dùn mí, n kò tiẹ̀ mọ̀ bóyá ó ti pẹ́ jù. Mú aṣọ ìnujú tó wà lápò rẹ yẹn fún mi, kó o lọ wọ bàtà rẹ.