Ọ̀gá Eré Tó Ní Òun Ò Rí I

Ọkùnrin kan wà tó jẹ́ ọ̀gá eré ìdárayá ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́ kan. Òun ló ń ṣa àwọn ọmọ tó lẹ́sẹ̀, òun ló ń kọ́ wọn ní eré sísá, òun ló sì ń kó wọn lọ sí ìdíje tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì máa ń ṣe lọ́dọọdún. Kò ga, kò sanra, ohùn rẹ̀ kò sì ròkè. Bí o bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, o lè kí i tán kí o má mọ ẹni tí o kí. Bàbá Ìyíọlá, fọkàn balẹ̀, má wo ojú ọ̀nà mọ́. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ tí o gbé wá, n óò dé orí rẹ̀. Ti ọkùnrin yìí ni kí o kọ́kọ́ gbọ́.

Ọkùnrin náà ní àṣà kan. Bí wọ́n bá ti ìdíje dé, á dúró níwájú gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, á sọ bó ṣe lọ. Kì í bù mọ́ ọn, kì í sì í bù kúrò níbẹ̀. Bí wọ́n bá borí, á ní, "A borí." Bí wọ́n bá lù wọ́n bí ẹní lu bàrà, á ní, "Wọ́n sáré jù wá lọ." Àwọn olùkọ́ mìíràn a máa ní kó fi iyọ̀ díẹ̀ sí i, kó ní adájọ́ ló ṣojúsàájú, kó ní pápá ló ń yọ̀. Á ní, "Bó ṣe rí ni kí á sọ ọ́." Ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi sọ ọ́ ní Bó-Ṣe-Rí. Wọ́n kọ́kọ́ fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni o.

Lásìkò náà, àrùn kan ń bá ìdíje yìí jà. Àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì mìíràn a máa lọ yá sárésáré láti ìta, wọ́n á fún un ní orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ kan, á sáré, á gba ife ẹ̀yẹ fún wọn, á sì gba ọ̀nà ilé rẹ̀ lọ. Ẹsẹ̀ àyálò ni wọ́n ń pè é. Gbogbo ayé mọ̀, kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Bó-Ṣe-Rí kò tíì gba ife rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀. Ó wá di ọdún kan, wọ́n gbà á. Ọmọ kan báyìí, tí àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ mú wá bá a lọ́sẹ̀ ìdíje pé akẹ́kọ̀ọ́ tuntun ni, ló sáré bí ẹni pé ilẹ̀ ń jó o lẹ́sẹ̀. Nínú bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ padà, orin ò dá. Bó-Ṣe-Rí ń pín búrẹ́dì, ó ń pe orúkọ kí oníkálùkù wá gba tirẹ̀. Ó pe orúkọ ọmọ tó gba ife fún wọn. Ọmọ náà ń wo ìta lójú fèrèsé. Ó tún un pè, kò dáhùn. Ẹni tó jókòó tì í ló fi ìgúnpá gún un kó tó ta gìrì pé, "Sà!"

Kò sẹ́ni tí í gbàgbé orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ nídìí oúnjẹ. Bó-Ṣe-Rí mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Àwọn olórí akẹ́kọ̀ọ́ ló lọ yá ọmọ náà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n rò pé àwọn ń ṣe é lóore ni. Orin dá. Ọkùnrin náà jókòó, ó gbé ife lé itan rẹ̀. Ó sọ fún awakọ̀ pé, "Yí ọkọ̀ padà."

Wọ́n bẹ̀ ẹ́, wọ́n sunkún. Awakọ̀ pàápàá ní, "Ọ̀gá, ta ló máa mọ̀?" Ó ní, "Èmi ti mọ̀." Wọ́n bá àwọn tó ń tú àgọ́ lórí pápá. Ó gbé ife náà lé adájọ́ àgbà lọ́wọ́ níṣojú gbogbo wọn. Ó ní, "Kì í ṣe tiwa. Ẹni tó sáré fún wa kì í ṣe akẹ́kọ̀ọ́ wa. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ báyìí."

Ṣé o rò pé wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un? Ta ni! Wọ́n fi ṣẹ̀sín ni. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ hó lé e lórí. Ìyàwó rẹ̀ ò lè gba ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì kọjá kí wọ́n má pè é ní ìyàwó Dá-Ife-Padà. Òótọ́ ọ̀rọ̀ a máa dà bí ìsọkúsọ lójú aráyé. Obìnrin náà bi í lọ́jọ́ kan pé, "Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wá rí gbà nídìí ẹ̀?" Ó ní òun ò tíì mọ̀.

Kò sì mọ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ló yà mí lẹ́nu jù. Ọdún ń gorí ọdún, ọ̀rọ̀ ẹnu ọkùnrin náà ń wúwo díẹ̀díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ò fura. Bí àríyànjiyàn bá bẹ́ sílẹ̀ níbi ìdíje, àwọn adájọ́ a máa yọjú wo ibi tó dúró sí. Bó bá mi orí, ọ̀rọ̀ parí. Àwọn òbí tó ń mú ọmọ wọn wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà kì í béèrè bóyá ó ti gba ife rí. Wọ́n á ní, "Ṣé ibi tí Bó-Ṣe-Rí wà nìyí?" Orúkọ tí wọ́n fi ń bú u ti wá di ohun tí wọ́n fi ń yìn ín.

Ó ṣe, wọ́n gbé ọ̀gá àgbà tuntun wá sí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó wo pápá, ó wo àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ lọ́fẹ̀ẹ́ nítorí ẹsẹ̀ wọn, ó sì ránṣẹ́ pe Bó-Ṣe-Rí. Ó ní, "Ọ̀gá Eré, mo bọ̀wọ̀ fún yín. Ṣùgbọ́n ìwà rere kì í ṣe ife. Bí ife ò bá wọlé lọ́dún yìí, màá ti ẹ̀ka yín pa, màá kọ́lé sórí pápá yẹn, kí àwọn ọmọ náà sì máa lọ sílé wọn." Púpọ̀ nínú àwọn ọmọ yẹn, bí kì í bá ṣe ti ẹsẹ̀ wọn, wọn ì bá má dé ẹnu ọ̀nà kọ́lẹ́ẹ̀jì láéláé. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Ọdẹ́dìran, ọmọ opó. Òun ló máa ń sáré kẹ́yìn nínú eré ọ̀pá, eré tí ẹni mẹ́rin máa ń fi ọ̀pá lé ara wọn lọ́wọ́. Bó-Ṣe-Rí kó wọn, ó di kọ́lẹ́ẹ̀jì òdìkejì odò, níbi tí ìdíje ọdún náà wà. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Ìdíje náà gbóná. Nígbà tó fi máa ku eré kan ṣoṣo, kọ́lẹ́ẹ̀jì rẹ̀ àti ti òdìkejì odò dọ́gba. Eré ọ̀pá ló kù. Ẹni tó bá gba ìyẹn ló gba ife. Ọyẹ́ ń fẹ́, eruku gba gbogbo pápá. Ọdẹ́dìran gba ọ̀pá, ọmọ òdìkejì odò náà gba ọ̀pá, wọ́n jọ gbéra, ó di fìrì! Wọ́n jọ dé ìdí okùn tí wọ́n ta sí òpin eré. Okùn já, àwọn méjèèjì ṣubú lulẹ̀.

Ta ló já a? Àwọn adájọ́ pín sí méjì. Èrò ya wọ pápá. Àwọn ọmọ òdìkejì odò ti ń ṣa òkò, àwọn tó tẹ̀lé Bó-Ṣe-Rí wá náà ti ń fa igi àgọ́ yọ. Adájọ́ àgbà gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ó ní, "Ẹ dákun! Ìdí okùn ni Bó-Ṣe-Rí dúró sí. Ẹ jẹ́ kó sọ ohun tó rí."

Bàbá Ìyíọlá, kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ ló ń du ife náà o! Ta ní í fi olùpẹ̀jọ́ ṣe adájọ́? Ṣùgbọ́n olórí àwọn ọmọ òdìkejì odò, géńdé kan tí òkò kún ọwọ́ rẹ̀, òun ló kọ́kọ́ dáhùn. Ó kígbe pé, "Kó sọ ọ́! Bó bá ní àwọn ló gbà á, a ti gbà!" Àwọn tó kù ní, "A ti gbà!" Háà! Orí mi wú lọ́jọ́ tí wọ́n sọ ọ́ fún mi, ó sì tún ń wú báyìí. Èrò tó fẹ́ pa ara wọn ni wọ́n dúró tí wọ́n ń wo ẹnu ọkùnrin kúkúrú kan.

Ibẹ̀ ni Bó-Ṣe-Rí ti mọ ohun tó rí gbà lọ́jọ́ tó dá ife padà. Ẹ̀rù bà á. Òkò kọ́ ló bà á lẹ́rù, ẹnu ara rẹ̀ ni. Ó mọ̀ pé ohunkóhun tí òun bá sọ, wọ́n á gbà á. Bó bá ti ní, "Ọdẹ́dìran ni," ó parí: ife wọlé, pápá ò lọ, ọmọ opó á di olùkọ́. Gbólóhùn kan péré ni. Kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀, nítorí òun alára kò mọ ẹni tó gbà á. Bí àwọn ọmọ náà ṣe ń dé ìdí okùn ni ọlọ́pàá kan tó ń ti èrò sẹ́yìn gba iwájú rẹ̀ kọjá. Ẹ̀yìn ọlọ́pàá ló rí. Ó wo ojú àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń wò ó bí ọmọ ẹyẹ ṣe ń wo ìyá rẹ̀. Ó dùn ún dé egungun.

Ó gba ẹ̀rọ náà. Ó ní, "Mi ò rí i. Ọlọ́pàá kan kọjá níwájú mi. Kí n tó yọjú, okùn ti já. Ẹ má bínú, mi ò lè sọ ohun tí mi ò rí."

Ọ̀gá àgbà rẹ̀ káwọ́ lérí níbi tó jókòó sí láàárín àwọn èèyàn pàtàkì. Nígbà náà ni Ọdẹ́dìran dìde nílẹ̀, eruku bò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó wá dọ̀bálẹ̀ níwájú ọ̀gá rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ò rí i, sà. Èmi rí i. Ẹ̀yìn ọmọ òdìkejì odò ni mò ń wò nígbà tí okùn já. Òun ló gbà á." Ó bú sẹ́kún.

Bó-Ṣe-Rí dijú. Omi ń bọ́ lójú òun náà. Ó fà á dìde, ó sì sọ sínú ẹ̀rọ pé, "Ẹ ti gbọ́. Bó ṣe rí nìyẹn."

Ṣé o mọ̀ pé àwọn tó borí kò lè hó? Géńdé yẹn bẹ̀rẹ̀, ó rọra kó òkò rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń to ẹyin. Àwọn tó kù kó tiwọn sílẹ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí bọ́ọ̀sì Bó-Ṣe-Rí ń lọ láìní ife nínú, àwọn ọmọ òdìkejì odò tò sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, wọ́n ń dọ̀bálẹ̀, wọ́n ń kúnlẹ̀ kí i. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n ṣe irú rẹ̀ fún ẹni tó gba ife.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró níwájú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bó ti máa ń ṣe. Ó ní, "Wọ́n fi díẹ̀ sáré jù wá lọ." Lẹ́yìn náà ó lọ ń di ẹrù rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀gá àgbà bá a. Obìnrin tí kì í sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì! Ó ní, "Àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí ń dìde kí mi lánàá, nítorí pé ọ̀dọ̀ yín ni mo ti wá. Ẹ tú ẹrù yín." Ó gba apá kan pápá náà kọ́lé sí ṣá, mi ò ní í parọ́ fún ọ. Ṣùgbọ́n kò ti ẹ̀ka náà pa, Ọdẹ́dìran sì parí ẹ̀kọ́ rẹ̀.

Ó dáa, Bàbá Ìyíọlá, ó kan ọ̀rọ̀ tìrẹ. Lọ́la, ẹ̀ ń lọ sí ààfin lórí ààlà ilẹ̀ yín. Ẹ̀gbọ́n rẹ ní kí o wá jẹ́rìí pé ìṣojú rẹ ni bàbá yín ṣe gbin pèrègún síbẹ̀. Ìwọ fúnra rẹ lo jókòó síbí tí o sọ fún mi pé o ò sí nílé lọ́jọ́ náà. O ní ẹ̀gbọ́n rẹ sọ pé kò sẹ́ni tó máa já ọ ní koro. Òótọ́ ló sọ! Láti kékeré ni wọn ò ti gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ nílùú yìí. Kódà àwọn tí ẹ jọ ń ṣẹjọ́ á gbà ọ́ gbọ́. Ìdí tí ẹ̀gbọ́n rẹ fi wá bá ọ gan-an nìyẹn, tí kò lọ bá àwọn ọ̀mùtí ìsàlẹ̀ ọjà.

Nítorí náà, bí kábíyèsí bá bi ọ́, sọ pé o ò rí i. Ilẹ̀ náà lè bọ́ lọ́wọ́ yín o, mi ò ní í tàn ọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ á bínú, á pè ọ́ ní ọ̀dàlẹ̀, ó sì lè pẹ́ kó tó bá ọ sọ̀rọ̀. Sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà.

Ìyíọlá ń bá ọ lọ sí ààfin, àbí? Mo mọ̀. Mo rí i níta níbi tó ti ń dúró dè ọ́. Ìwọ lo di ọ̀pá mú lónìí, òun lo sì máa fi lé lọ́wọ́. Dìde, máa lọ. Òun náà á máa wo ẹnu rẹ lọ́la.