Oríyọmí Tó Dá Wakọ̀ Lọ Bu Iná

Ààlọ́ o!
— Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra nílẹ̀, ó fò fẹ̀rẹ̀, ó balẹ̀ sínú ọkọ̀ obìnrin kan tó ń jẹ́ Oríyọmí. Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹ óò bá mi gbe orin tó bá yá.

Láyé àtijọ́, òjò rọ̀ ní abúlé Etíomi fún oṣù kan gbáko. Omi wọlé, ó wọ ààrò, ó pa gbogbo iná. Ẹja tútù ni wọ́n ń jẹ. Àwọn arúgbó ń gbọ̀n rìrì, àwọn ọmọ ọwọ́ ń kú. Iná tó kù kò sí níbòmíràn àfi lábẹ́ òkè kan ní òdìkejì òkun. Ọkọ̀ tó sì ṣẹ́ kù kò gbà ju ènìyàn kan àti ìkòkò kan lọ.

Oríyọmí ní òun ó lọ, nítorí kò sẹ́ni tó mọ ọkọ̀ wà tó o. Ìbíwùmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, di àjẹ̀ tó fẹ́ fi wakọ̀ mú.

"Àbúrò mi, ìwọ nìkan? Ta ni yóò máa bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jẹ́ n lọ. Ọmọ yín ń gbọ̀n."

Ó bá wà á. Ṣàbọ̀, ṣàbọ̀, ṣàbọ̀. Lọ́jọ́ kẹta, Lékeléke bà sí imú ọkọ̀. "Ta ni ọ́? Níbo lò ń lọ?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èmi Oríyọmí, ọmọ Etíomi! Mò ń lọ bu iná." Ó kọrin:

Omi fẹ̀, omi ò lópin o
— Wà á lọ, wà á bọ̀
Mo pe ẹ̀gbọ́n, ẹ̀gbọ́n ò jẹ́
— Wà á lọ, wà á bọ̀

Ṣàbọ̀, ṣàbọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá àjẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó bá àjẹ̀ jà, ó tún bẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, Àkùrákudà, ẹja eléyín mímú, yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀. "Ta ni ọ́? Níbo lò ń lọ?"

Ohùn Oríyọmí ti tín-ín-rín. "Ọmọ Etíomi ni mí. Iná… iná ni mò ń lọ bu."

Omi fẹ̀, omi ò lópin o
— Wà á lọ, wà á bọ̀
Mo pe ara mi, n ò jẹ́
— Wà á lọ, wà á bọ̀

Ṣàbọ̀, ṣàbọ̀. Lọ́jọ́ kẹtàdínlógún, òkun wú. Òkè dúdú kan dìde níwájú rẹ̀, gbìrìgbìrì! Àṣé Àbùùbùtán ni, ẹja tó tóbi jù lọ lókun. Ó fọn omi sókè, fùùù! Omi náà bo oòrùn, òṣùmàrè dúró lé e lẹ́yìn. Oríyọmí gbé àjẹ̀ sílẹ̀, ó gbójú sókè. Kò rí ohun tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Ta ni ọ́?"

Ó la ẹnu. Kò rí orúkọ kankan níbẹ̀. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Èmi náà máa ń dá rìn," Àbùùbùtán wí. "Omi tó fẹ̀ báyìí a máa fọ orúkọ kúrò lára ẹni. N ò mọ tìrẹ, ṣùgbọ́n mo lè bá ọ rìn."

Ó bá a rìn dé ẹsẹ̀ òkè tí iná wà. Oríyọmí bu ẹyin iná sínú ìkòkò, ó ń fi igi wẹ́wẹ́ tó ṣà níbẹ̀ bọ́ ọ, kó má baà kú. Ẹja ńlá náà sìn ín bọ̀ títí igi àgbọn Etíomi fi hàn lókèèrè.

Ariwo sọ! Wọ́n já ìkòkò gbà, èéfín yọ lórí gbogbo òrùlé. "Rò fún wa! Kí lo rí?" Oríyọmí ń wò wọ́n. Apá rẹ̀ ṣì ń wakọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ. Àwọn kan ní ó ti ń gbéra ga. Àwọn kan ní orí rẹ̀ ti dàrú.

Ìbíwùmí lé gbogbo wọn lọ. Kò bi í ní nǹkan kan. Ó jókòó tì í nílẹ̀, ó sun ẹja, ó yọ eegun rẹ̀, ó fi sí i látẹ́lẹwọ́. Lọ́jọ́ kìíní, kò jẹ. Lọ́jọ́ kejì, ó jẹ díẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, apá rẹ̀ dúró, ó gbá ọwọ́ Ìbíwùmí mú.

"Ẹ̀gbọ́n mi, omi yẹn fẹ̀ o."

"Mo gbọ́," Ìbíwùmí wí. Oríyọmí bá bú sẹ́kún.

Ẹ̀yin ọmọ, ẹni tó bá dá rìn jìnnà nítorí tiwa, ká má kàn gba ẹrù lọ́wọ́ rẹ̀. Ká gba òun fúnra rẹ̀ pẹ̀lú. Bí mo bá parọ́ mọ́ Oríyọmí, kí itọ́ ẹnu mi di omi òkun.