Eyín Iwájú, Eyín Ẹ̀yìn

"Ẹni tí yóò so iwájú mọ́ ẹ̀yìn, kó kọ́kọ́ ka eyín àwọn méjèèjì." Ṣé ẹ mọ ibi tí òwe yìí ti ṣẹ̀? Bí ẹ bá dé Ìdí-Àpáta, ẹ ó gbọ́ ọ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àlejò máa ń rò pé eyín ẹnu ni wọ́n ń sọ. Irọ́ ni o! Eyín irin ni, obìnrin kan ló sì kà á, lẹ́yìn tí ojú ti tì í tán.

Rántí ni orúkọ obìnrin náà. Mẹkáníìkì ni, ọmọ ilé alágbẹ̀dẹ sì ni. Ní ilé tiwọn, wọn kì í ka irin, bẹ́ẹ̀ ni wọn kì í wọ̀n ọ́n. Bàbá rẹ̀ á wo ọwọ́ àgbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á sì rọ ọkọ́ tó bá ọwọ́ náà mu rẹ́gí. "Ojú ni òṣùwọ̀n wa," ni wọ́n máa ń wí, wọ́n á sì gbé àyà sókè. Rántí náà ń gbé tirẹ̀, kò sì fi bò.

Ìdí-Àpáta wà nísàlẹ̀ òkè, ilé ìwòsàn sì wà lẹ́yìn òkè náà. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni ìlú ní, píkọ́ọ̀pù àtijọ́ kan tó jẹ́ pé táyà ẹ̀yìn nìkan ni ẹ́ńjìnnì ń yí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò burú. Ṣùgbọ́n bí òjò bá ti rọ̀, tí ọkọ̀ dé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ tí wọ́n ń pè ní Ẹlẹ́rẹ̀, ẹ̀yìn á máa tì, iwájú á máa wò ó níran, ọkọ̀ á sì jókòó sínú ẹrẹ̀. Ibẹ̀ ni Àníkẹ́, àbúrò Rántí, bímọ sí nígbà òjò èṣí. Ọmọ náà kò dúró. Àníkẹ́ ti tún lóyún báyìí, oyún náà ti pé oṣù méje, òjò sì ti ń ṣú bọ̀.

Rántí ní òun yóò mú kí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin máa gbé ọkọ̀ náà lọ. Àwọn ọkùnrin ìlú rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní bí Ọlọ́run bá dá adìyẹ ní ẹlẹ́sẹ̀ méjì, ta ni yóò sọ ọ́ di ewúrẹ́? Rántí wọ ọkọ̀ èrò lọ sí ọjà àlòkù irin n'Ìbàdàn, ó sì rí píkọ́ọ̀pù kan níbẹ̀ tó ti forí sọ igi, irú èyí tó ń fi táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣiṣẹ́. Ó ra jíà tó ń pín agbára síwájú sẹ́yìn, ó sì ra gbogbo irin ìdí táyà iwájú, pẹ̀lú jíà tó ń yí wọn. Bàbá Sùbérù tó tà á fún un ní kó ka eyín jíà iwájú náà, kó sì lọ ka ti ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀, kó wò ó bóyá wọ́n dọ́gba.

"Bàbá, ọmọ alágbẹ̀dẹ ni mí," ni Rántí wí. "Ojú mi ti kà á."

Nígbà tó délé, ó fi ọ̀rọ̀ bàbá náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún Àníkẹ́.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń gé irin, ó ń jó o pọ̀. Lọ́jọ́ tó parí, gbogbo ìlú pé sórí ilẹ̀ kọnkéré iwájú ilé ìpàdé. Rántí ki jíà tuntun náà bọ̀ ọ́, ó tẹ iná. Háà! Ọkọ̀ náà han gooro. Táyà iwájú fẹ́ sáré, ti ẹ̀yìn kò gbà, àfi bí àgbò méjì tí wọ́n so mọ́ okùn kan. Kò rìn jìnnà tó fi há pátápátá. Ẹnìkan ké bí ewúrẹ́ láàárín èrò. Ojú ti Rántí débi pé kò lè sọ̀kalẹ̀.

Àníkẹ́ ló wá bá a, ó gbé oyún rẹ̀ wọ inú ọkọ̀, ó jókòó tì í. Kò bú u, kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ló wí, "kí ni bàbá yẹn ní kí ẹ ṣe tí ẹ kò ṣe?"

Ọ̀rọ̀ náà wọ Rántí lára. Ó tú iwájú, ó tú ẹ̀yìn, ó fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí eyín kọ̀ọ̀kan, ó sì kà á sókè sí etígbọ̀ọ́ àwọn tó ń fi í rẹ́rìn-ín. Jíà ẹ̀yìn ní eyín mọ́kànlélógójì. Ti iwájú ní mẹ́tàdínlógójì. Èyí tí eyín rẹ̀ kéré ló ń yára yí; ẹ̀yìn ń rìn, iwájú ń sáré, báwo ni wọn ò ṣe ní jà?

Ó padà s'Ìbàdàn. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kúnlẹ̀ kí Bàbá Sùbérù. Ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù tó forí sọ igi náà ṣì wà níbẹ̀. Rántí ka eyín jíà rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mẹ́tàdínlógójì ni. Ó gbé e wálé, ó sì fi í rọ́pò ti àtijọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ tí òjò ń rọ̀ bí ẹni máa wó ilé ni Àníkẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rọbí. Rántí fúnra rẹ̀ ló wa ọkọ̀. Àwọn ọkùnrin ti kó okùn àti pákó lọ dúró ní Ẹlẹ́rẹ̀ bí ìṣe wọn. Ẹ̀yìn ń tì, iwájú ń fà, ìwọ̀n kan náà ni wọ́n jọ ń lọ, ọkọ̀ náà kọjá lára wọn, ó sì ta ẹrẹ̀ sí gbogbo wọn láṣọ. Inú ò bí ẹnikẹ́ni. Wọ́n ju okùn sílẹ̀, wọ́n ń hó yèè tẹ̀lé e títí ó fi gun òkè náà tán. Orí bẹ́ẹ̀dì ni Àníkẹ́ bímọ sí, ọmọbìnrin làǹtìlanti.

Nígbà tí ọmọ náà dàgbà tí ẹbí ọkọ wá tọrọ rẹ̀, Rántí ló kọ́kọ́ pa òwe yìí, ó sì bi ọmọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ bí ó ti ń bínú sí àti bí ó ti ń náwó sí. Láti ìgbà náà ni àwọn àgbà ti ń pa á bí ènìyàn méjì bá fẹ́ di ọkọ àti aya, tàbí tí wọ́n fẹ́ da òwò pọ̀, tí wọn ò tíì mọ ìrìn ara wọn. Jíà ẹlẹ́yín mọ́kànlélógójì yẹn ṣì wà lára ògiri ṣọ́ọ̀bù Rántí. Bí ẹ bá bi í léèrè ìtàn rẹ̀, yóò gbé e lé yín lọ́wọ́, yóò ní kí ẹ kà á.