Ayálégbé Tó Mọ Ìdọ̀bálẹ̀

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ẹnu wa kì í kúrò lára òwe yìí, àmọ́ ẹ bi ẹni tó ń pa á pé níbo ló ti ṣẹ̀ wá, ẹ ó rí i tí yóò máa wo òkè. Báyìí la ṣe gbọ́ ọ nílùú Òkè-Ọsàn.

Bàbá Láníyọ̀nù ní ilé ńlá kan, ìdọ̀bálẹ̀ nìkan ló sì fi ń yan ayálégbé. Ẹni tó bá tẹríba lásán kò ní rí yàrá gbà. Nígbà tí Àdìgún dé, ẹrẹ̀ òjò ló nà gbalaja sí, ó fi àyà àti irùngbọ̀n kanlẹ̀, kò sì dìde títí bàbá fi rẹ́rìn-ín. Àṣàbí, ìyàwó bàbá, ní kí wọ́n kọ́kọ́ bi í níbi tó ń gbé tẹ́lẹ̀ àti ohun tó lé e kúrò níbẹ̀. Bàbá ní ẹni tó lẹ́kọ̀ọ́ tó báyìí, ìwọ̀sí ni kéèyàn máa wádìí rẹ̀. Nígbà tí tọkọtaya náà ń lọ kórè kòkó lóko fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, Àdìgún ni wọ́n fún ní kọ́kọ́rọ́ gbogbo ilé.

Ìgbà tí wọ́n dé, ọbẹ̀ ẹlòmíràn ló ń hó lórí ààrò Àṣàbí. Obìnrin kan tí wọn kò rí rí jókòó sórí àga bàbá, ó ń fún ọmọ lọ́mú. Ó kí wọn dáadáa.

"Bàbá, bó bá jẹ́ yàrá lẹ wá gbà, ó ti tán. Èmi ni mo gba èyí tó kù."

"Lọ́wọ́ ta ni?"

"Lọ́wọ́ onílé, Bọ̀ọ̀dá Àdìgún. Ọmọlúàbí ni. Èmi tí mo wá gbalé, òun ló dọ̀bálẹ̀ kí mi."

Àdìgún ti gbowó ilé lọ́wọ́ obìnrin náà àti àwọn mìíràn tó kó sínú gbogbo yàrá, ó ti bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀. Bàbá kò lè lé abiyamọ àti àwọn yòókù síta, nítorí wọ́n lu àwọn náà ní jìbìtì ni. Títí wọ́n fi rí ibòmíràn kó lọ, ilé ìdáná ni onílé gan-an ń sùn. Àṣàbí ló ń tẹ́ ẹní fún un níbẹ̀ lálaalẹ́. Ìyẹn gan-an ló dun bàbá jù.

Lẹ́yìn náà, ọkùnrin mìíràn wá gbalé, ó sì nà gbalaja. Bàbá ń wo àwọn alángbá tó ń yáàrùn lára ògiri.

"Dìde, ọmọ mi. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tínú ń run. Ta ni onílé rẹ tẹ́lẹ̀? A fẹ́ lọ kí i."

Ọkùnrin náà dìde, ó gbọn yẹ̀pẹ̀ aṣọ rẹ̀ nù, ó ní òun ń bọ̀. Wọn ò rí i mọ́.

Ìdí nìyí táwọn àgbà fi ń pa òwe yìí fún ẹni tó bá fẹ́ torí ìrísí lásán gba ènìyàn gbọ́: ojú rí ikùn tó délẹ̀, kò rí ohun tó wà nínú rẹ̀.